Ọmọ ọdún márùn-ún tí kì í gbọ́ràn: ṣé kí n lọ sí ìpàdé òbí?

Ìyá Àyìndé (Kétu)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún márùn-ún, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí olùkọ́ rẹ̀ kì í fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí: ó gé ẹlòmíràn jẹ, ó da oúnjẹ nù, bí wọ́n bá sì ní kí ó jókòó, ńṣe ni yóò na ara rẹ̀ sílẹ̀ tí yóò máa ké. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ẹbí ládùúgbò wa ti pè mí sí ìpàdé àwọn òbí bíi mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́ta. Bàbá ọmọ ní ẹgba ni yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ìyá ọkọ mi tilẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ lọ sọ fún àwọn àjèjì pé n kò mọ ọmọ tọ́. Gàrí ni mo ń tà, ọrọọrún sì ni ọjà wa, nítorí náà ìpàdé yóò máa bọ́ sí ọjọ́ ọjà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ṣé ó sì tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ fi ọjà sílẹ̀?

Òṣìṣẹ́ Ẹbí (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Mo ti darí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ohun tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu ni pé eré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìbáwí: òbí á máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ bá ọmọ ṣeré lójoojúmọ́, ọmọ ni yóò sì yan eré náà. Lẹ́yìn náà ni a óò kan ìyìn, àṣẹ kúkúrú tó yé ọmọ, àti bí a ṣe ń mójú kúrò lára igbe tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ké tí a sì torí igbe náà gbà fún un, òun ti kọ́ pé igbe ń ṣiṣẹ́, àwa náà sì ti kọ́ pé gbígbà ní í mú kí ilé pa rọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ni igbe ọ̀la yóò sì ju tòní lọ. Àwọn òbí á fi ara wọn ṣe eré ìtàgé, ẹnìkan ìyá, ẹnìkan ọmọ, wọn á gbìyànjú rẹ̀ nílé, wọn á sì padà wá jíṣẹ́.

Carolyn Webster-Stratton ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà àti Matthew Sanders ní Queensland ní Ọsirélíà wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀. Àgbéyẹ̀wò kan ní 2012 láti ọ̀dọ̀ Cochrane, àjọ tó ń kó àwọn ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 13 jọ lórí ọmọ ọdún 3 sí 12, ó sì rí i pé ìwà ìpáǹle àwọn ọmọ náà dínkù, ara sì tu àwọn òbí wọn, ṣùgbọ́n kò lè fìdí bí yóò ti rí lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ múlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF náà lọ́wọ́ sí irú ètò kan fún àwọn ìlú tí owó kò pọ̀ sí, ọ̀fẹ́ sì ni ìwé rẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ọmọ náà wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa a máa jọ aláìgbọràn.

Bàbá Ìbejì (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ìyàwó mi nìkan ló kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ sì ni a ti ṣìṣe. Òun kì í dá igbe lóhùn mọ́, èmi a sì fún ọmọ ní bisikíìtì kí n lè gbọ́ rédíò mi. Ọmọ náà kọ́ láti máa ké di ìgbà tí mo bá wọlé, igbe sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Òótọ́ ni, àmọ́ bí igba náà bá ń fà á síbi igba, kí ni kí ọmọ ṣe? Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, èmi nìkan ṣoṣo ọkùnrin. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ti yí padà gan-an. Èkejì ṣì ń ju nǹkan, ṣùgbọ́n kì í lu arákùnrin rẹ̀ mọ́. Ní ti ẹgba, ẹ sọ fún bàbá ọmọ pé òfin ọmọdé ilẹ̀ Benin wa, òfin 2015-08, ti kà á léèwọ̀ nílé àti nílé-ẹ̀kọ́.

Ìyá Àgbà (Kétu)

Ọmọ mi, má fi ìyá ọkọ rẹ sílẹ̀, mú un dání lọ. Èmi náà bínú nígbà tí ìyàwó ọmọ mi ní wọ́n ń kọ́ òun bí a ṣe ń yin ọmọ, àfi bí ẹni pé n kò ki bàbá rẹ̀ ní oríkì ní àràárọ̀. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni ó yé mi. Oríkì ń sọ irú ọmọ ẹni tí ó jẹ́ fún un, ìyìn tiwọn ń sọ ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe: "O gbé abọ́ náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́, o ṣeun." Mo ń ṣe méjèèjì báyìí.

Ìyá Àyìndé (Kétu)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka ọ̀rọ̀ ìyá àgbà fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn yóò wá, kí àwọn lè wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Obìnrin náà sì ti gbà kí ìpàdé máa jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Bàbá ọmọ kò tí ì dáhùn.