Sípíkà méjì, ámúpù gbóná bí ààrò

Oníjìtá: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo so sípíkà 8 ohm méjì (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà) mọ́ ámúpù jìtá mi, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Ẹ̀yìn ámúpù ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ohm sípíkà kò gbọdọ̀ dín ní 8. Orin kejì la wà tó fi dákẹ́, níwájú ìjọ!

Bàbá Wáyà: Bí o ṣe so wọ́n yẹn, 4 ohm lo gbé kọ́ ọ lọ́rùn, àbúrò. Fi wáyà so dúdú àkọ́kọ́ mọ́ pupa èkejì. Méjì tó ṣẹ́kù ni kó wọ ámúpù. 16 nìyẹn. Ohùn á rẹlẹ̀ díẹ̀.

Oníjìtá: Ẹ ṣé, bàbá. Tí ọ̀kan bá jó ńkọ́?

Bàbá Wáyà: Méjèèjì á dákẹ́.

Atúnrédíòṣe: Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n ọ́n o. Bíi 12 ló máa kà, kì í ṣe 16, torí wáyà inú sípíkà nìkan ni mítà ń wọ̀n. Ẹ má jáyà.