Wọ́n Sọ̀ Mí Kalẹ̀ Nínú Bọ́ọ̀sì Ní Ẹnubodè Sérbíà: Kí Ni Kí N Fi Àwọn Òpin Ọ̀sẹ̀ Tó Kù Ṣe?

Àríkẹ́
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìbànújẹ́ ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Ìlú Sofia ní Bùlgáríà ni mo wà fún ìgbà ooru yìí, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ní láti fi rìn. Kí n tó kúrò ní Ìbàdàn ni mo ti ya àwòrán ilẹ̀ Balkan sínú ìwé, tí mo fi bírò pupa kọ ìlú kọ̀ọ̀kan sí òpin ọ̀sẹ̀ tirẹ̀: Niš, Ohrid, Sarajevo, Mostar, Kotor, títí dé Istanbul.

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ọmọ Jámánì tí a jọ ń gbé yàrá kan wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ tó ń lọ sí Niš ní Sérbíà. Ọ̀nà náà kò jìn, kò ju nǹkan bíi 160 kìlómítà lọ. Nígbà tí a dé ẹnubodè Kalotina, awakọ̀ kó ìwé ìrìnnà gbogbo wa lọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ kan fi gòkè wá, ọ̀dọ̀ mi ló sì wá tààrà, nítorí èmi nìkan ni ènìyàn dúdú nínú ọkọ̀ náà. Ó ṣí ìwé ìrìnnà mi, ó ń fi ìka gbá ibì kan lára físà, ó ń sọ èdè tí n kò gbọ́. Awakọ̀ ní kí n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbé àpò mi sórí kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó tò gbọọrọ, ike ìrẹsì tí mo dì dání sì ti ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ti rin aṣọ funfun tí mo fẹ́ fi ya fọ́tò. Bọ́ọ̀sì lọ lójú mi. Ọmọ Jámánì náà ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó nínú oòrùn kí n tó rí ọkọ̀ tó gbé mi padà, àwọn tó ni bọ́ọ̀sì kò sì dá kọ́bọ̀ padà fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹnubodè tí wọn kì í ti í fìyà jẹ ènìyàn dúdú, nítorí mo ti sanwó alẹ́ méjì sílẹ̀ ní Ohrid fún Sátidé tó ń bọ̀.

Bàbá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ó mú ọ kórìíra ilẹ̀ náà, nítorí ilẹ̀ tó lẹ́wà ni. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni èmi náà mú dání ní ọdún 2019 tí mo wọ reluwé láti Belgrade lọ sí Bar, létí òkun Montenegro. Ọ̀nà náà jẹ́ 476 kìlómítà, ihò inú òkè tí ó ń gbà kọjá lé ní 250, nígbà tí a sì dé orí afárá Mala Rijeka, tó ga tó nǹkan bíi 200 mítà, gbogbo wa nínú kọ́ọ̀ṣì ni a dìde lọ sí ojú fèrèsé. Mo dé Mostar pẹ̀lú, mo rìn lórí afárá òkúta tí àwọn Ottoman kọ́ parí ní ọdún 1566, tí ìbọn ńlá wó ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, tí wọ́n sì tún kọ́ tí wọ́n ṣí ní 2004. Kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan tó dí mi lọ́wọ́. Lọ sí Ohrid rẹ. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń kìlọ̀ ni pé kí o má ṣe ti òkèèrè wọ Kosovo kí o tó wá gba ibẹ̀ wọ Sérbíà, nítorí Sérbíà kò ka ìwọlé bẹ́ẹ̀ sí ìwọlé tó bófin mu.

Ìyá Tèmídire
Ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì, ẹ ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ibi tí ẹ kò tíì mọ bóyá ó lè lọ. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ sọ fún wa níbí pé Jámánì ni ẹ ń gbé? Káàdì ìgbélùú Jámánì ló ṣílẹ̀kùn fún yín, kì í ṣe ìwé ìrìnnà Nàìjíríà. Ìwọ Àríkẹ́, o kọ gígùn nípa ìrẹsì àti aṣọ funfun, o kò sọ irú físà tí o ní. Irú wo ni? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ó gbà ọ́ láyè láti wọlé?

Akínlabí
Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí le tó báyìí. Bọ́ọ̀sì òru ni kí àbúrò wa máa wọ̀, oorun máa ń kun àwọn ẹ̀ṣọ́ lóru. Bí Sérbíà bá sì ṣòro, kí ó gba Kròátíà lọ sí Bósíníà. Kròátíà kò sí nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, físà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Ìyá Tèmídire
Akínlabí, ìmọ̀ràn tó ń sọ ènìyàn sí àhámọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Kròátíà ti wọ Schengen, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ná owó euro. Ohun tí o mọ̀ ti pẹ́.

Akínlabí
Mo gbà pé ó ti pẹ́ tí mo débẹ̀, Mà. Ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀sì òru, ojú mi ló ṣe.

Àríkẹ́
Ẹ ṣé, Bàbá Ìbejì. Ìyá Tèmídire, ẹ dákun, mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìrìnàjò mi. Físà Schengen ni mo ní, ilé iṣẹ́ aṣojú Bùlgáríà ló fún mi, ilé ìwádìí ló kọ lẹ́tà sí wọn. Ó dára títí di ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 10 oṣù náà ni tíkẹ́ẹ̀tì tí n ó fi padà sílé, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ̀ṣọ́ yẹn lè rí sọ. Àwọ̀ ara mi ni.

Mùfútàù ti Thessaloniki
Àbúrò mi, ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé ní Gíríìsì, n kò sì lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé àwọ̀ wa kì í fa wàhálà ní ẹnubodè. Ṣùgbọ́n mú ìwé ìrìnnà rẹ jáde nísinsìnyí. Lára físà náà, wá ibi tí wọ́n kọ iye ìwọlé sí, kí o sọ ohun tí o rí fún wa: 01, 02, tàbí MULT, ìyẹn ọ̀pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n kọ iye ọjọ́ sí. Má ṣe wo ọjọ́ ìparí rárá.

Àríkẹ́
01 ni. Iye ọjọ́ jẹ́ 90.

Ẹ̀gbọ́n, ohun kan wà tí n kò sọ níbẹ̀rẹ̀, nítorí inú ń bí mi. Nígbà tí mo ń bá ẹ̀ṣọ́ náà jà, awakọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́ sọ fún mi pé bí mo bá jáde, n kò ní lè padà. Mo rò pé ó ń halẹ̀ mọ́ mi ni. 01 yẹn gan-an ni ẹ̀ṣọ́ náà ń fi ìka gbá.

Mùfútàù ti Thessaloniki
Ìwọlé kan ṣoṣo ni wọ́n fún ọ, o sì ti lò ó ní ọjọ́ tí o dé pápákọ̀ òfúrufú Sofia. Bí ẹ̀ṣọ́ Bùlgáríà yẹn bá jẹ́ kí o kọjá, ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni ìwọ ì bá dúró ní ìhà Sérbíà, tí ẹrù rẹ wà ní Sofia, tí ẹ̀kọ́ rẹ wà ní Sofia, tí kò sì ní sí físà tí o lè fi wọlé mọ́. Bí Ohrid ṣe rí náà nìyẹn, nítorí Àríwá Makedóníà kò sí nínú Schengen. Sarajevo, Kotor àti Istanbul náà wà níta. Fagi lé gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló ń já mi láyà jù. Ọjọ́ wo gan-an lo wọlé?

Àríkẹ́
Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà.

Mùfútàù ti Thessaloniki
Jẹ́ kí a jọ kà á. Ọjọ́ tí o wọlé wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí o máa jáde náà wà nínú rẹ̀. Oṣù Kẹfà fún ọ ní ọjọ́ 21, oṣù Keje 31, oṣù Kẹjọ 31, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 83. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ni 90 pé. Ọjọ́ 22 tí o rí lára físà jẹ́ àyè ọjọ́ 15 tí wọ́n máa ń fi kún un, bóyá ọkọ̀ rẹ lè pẹ́ kí o tó wọlé; kì í ṣe àyè láti dúró pẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 10 yóò sọ ọ́ di ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta kọjá àkókò rẹ̀, wọn yóò sì máa rí i nígbàkigbà tí o bá tún fẹ́ gba físà. Yí i padà lónìí, kí owó rẹ̀ tó gòkè sí i.

Bàbá Ìbejì
Àríkẹ́, jọ̀ọ́ forí jì mí. Mo sọ ti ara mi láì béèrè tìrẹ.

Àríkẹ́
Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ láti àná. Mo sunkún díẹ̀, mo sì pe àwọn tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti yí i sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, owó tí wọ́n gbà lé e wọ̀ mí lára gan-an. Ilé ìwádìí ti gbà kí n parí iṣẹ́ ní ọjọ́ 3. Obìnrin tó ni ilé ní Ohrid dá owó alẹ́ kan padà fún mi. Ìyá Tèmídire, ẹ ṣeun, Mà. Ìbéèrè tí ẹ bi mí ni ó yẹ kí n dáhùn ṣáájú gbogbo nǹkan.

Ǹjẹ́ ibì kankan wà tí mo ṣì lè lọ?

Ìyá Tèmídire
Ọmọ mi, ó kù rẹpẹtẹ. Bùlgáríà tìkára rẹ̀ kò ṣeé fi ojú kékeré wò: lọ sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Rila láàárín àwọn òkè, lọ sí Plovdiv níbi tí gbọ̀ngàn eré àwọn ará Róòmù ṣì dúró, tí wọ́n sì ń ṣeré nínú rẹ̀ títí di òní. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni Bùlgáríà àti Ròmáníà ti wà nínú Schengen lójú ọ̀nà ilẹ̀, nítorí náà o lè gba Ruse kọjá odò Danube lọ sí Bucharest láì lo ìwọlé mìíràn.

Mùfútàù ti Thessaloniki
O sì lè wá sọ́dọ̀ wa. Bọ́ọ̀sì láti Sofia gba Kulata wọ Gíríìsì, inú Schengen ni ìhà méjèèjì. Mú ìwé ìrìnnà rẹ dání síbẹ̀, nítorí ọlọ́pàá lè dá ọkọ̀ dúró yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n bá sì bi ọ́, fi físà náà hàn wọ́n láì jiyàn. Ilé Ìṣọ́ Funfun tó wà létí òkun kò jìnnà sí wa. Ìyàwó mi ní kí n bi ọ́ bóyá o máa ń jẹ ẹja, kí òun lè mọ ohun tí òun máa sè sílẹ̀ ní Sátidé.