Nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo ló wà níwájú gbogbo oníbàárà àjọ màmá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Alájọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹgbẹ́ yìí. Alájọ ni màmá mi ní Ìmẹ̀kọ. Láàárọ̀ ni wọ́n máa ń yí ọjà po, wọ́n á gba owó, wọ́n á sì fa ìlà sí káàdì. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ PHP (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) àti MySQL (dátábéèsì, ibi tí a ń kó dátà pa mọ́ sí) lórí fídíò, mo sì ní kí n fi ohun tí mo kọ́ ṣe nǹkan tó máa wúlò fún wọn: fọ́ọ̀mù kékeré kan tí màá fi kọ orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti iye tó ń dá lójúmọ́ sílẹ̀. XAMPP, àkójọ tó kó PHP, MySQL àti Apache pọ̀, ni mò ń lò lórí láptọ́ọ̀pù mi. Oníbàárà 63 ni mo ti kọ wọlé.

Lánàá, màmá ní kí n bá àwọn pe ẹnì kan tó ti pa ọjọ́ mẹ́rin jẹ. Mo ṣí tábìlì náà nínú phpMyAdmin, ojú ìwé tí a fi ń wo dátábéèsì, àyà mi já. 2147483647 ni mo rí níwájú orúkọ rẹ̀. Mo wo ti ẹni tó tẹ̀ lé e, 2147483647. Mo lọ sókè, mo lọ sísàlẹ̀, òun náà ni. N kò tẹ nọ́ńbà yẹn rí láyé mi! Àwọn mẹ́ta péré ló yàtọ̀, àwọn oníbàárà wa láti Kétu lódìkejì bọ́dà, tí wọ́n ń lo láìnì Orílẹ̀-èdè Benin. Tiwọn jọ òótọ́, àfi pé òdo iwájú rẹ̀ ti lọ.

Àwọn orúkọ náà tún bàjẹ́. Ọláṣùnkànmí di ?lá?ùnkànmí, Adébáyọ̀ di Adébáy??. Lórí gbogbo rẹ̀, ìyá kan wà tó ń jẹ́ Mu'minat, orúkọ tiwọn ò wọlé rárá. "You have an error in your SQL syntax" ló ń kọ, ó sì ń tọ́ka sí 'minat'. Orúkọ tí kò bá ti ní àmì (') yẹn ń wọlé wẹ́rẹ́.

Màmá ò tíì mọ̀. Wọ́n ti ń sọ fún àwọn alájọ ẹlẹgbẹ́ wọn pé ọmọ àwọn ti bá àwọn kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti ṣì í?

Ayọ̀ Kọ́ọ̀dù:

Pẹ̀lẹ́ o. INT (àyè tó ń gba nọ́ńbà odidi) lo fi ṣe column (òpó) fóònù, àbí? Yí i sí BIGINT tó ń gba nọ́ńbà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó parí.

Bàbá Ìbejì:

Ayọ̀, àbúrò mi, kò tíì parí. BIGINT á gba nọ́ńbà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n 0803 á di 803, ìṣòro mìíràn la tún dá sílẹ̀ yẹn. Ṣé a máa ń ro nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ òmíràn? Ṣé a máa ń pín in sí méjì? Ohun tí a kò bá ní fi ṣe ìṣirò, ọ̀rọ̀ ni, kódà kó jẹ́ fígọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. VARCHAR(20), àyè ọ̀rọ̀ tó gba ẹyọ 20, ló yẹ ẹ́, kó lè gba òdo, kó sì lè gba +234 àti +229 ti Benin lọ́jọ́ tó bá kàn wọ́n.

Ọmọ Alájọ, èmi náà ti bá nọ́ńbà yẹn pàdé lẹ́nu iṣẹ́, mo mọ bó ṣe ń já èèyàn láyà. Bíìtì 32 ni INT ń lò. Ọ̀kan nínú wọn ló ń sọ bóyá nọ́ńbà wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, 31 tó kù ò sì lè kà kọjá 2147483647. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká wa ní Nàìjíríà jẹ́ fígọ̀ 11, ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 070, 080, 081, 090 tàbí 091. Tí òdo bá kúrò, èyí tó kéré jù nínú wọn ti wọ bílíọ̀nù méje. Kò sí bó ṣe máa gbà. Dípò kí dátábéèsì rẹ pariwo, ó fi iye tó pọ̀ jù tó lè gbà síbẹ̀, ó sì dákẹ́. Ìdí tí àwọn ará Kétu fi bọ́ ni pé láti ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Benin ti di fígọ̀ 10, 01 ló sì ṣáájú rẹ̀. Tí òdo bá kúrò níbẹ̀, fígọ̀ mẹ́sàn-án ló kù, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1. INT gbà á láìjanpata.

Ìdákẹ́ yẹn ló ń bí mi nínú jù. Kọ `SELECT @@sql_mode;` sínú phpMyAdmin. Tí o kò bá rí STRICT_TRANS_TABLES nínú ohun tó bá kọ jáde, dátábéèsì rẹ ń gé dátà mọ́ ọ lọ́wọ́ láìsọ fún ọ. Ṣí my.ini, fáìlì ètò MySQL nínú XAMPP, fi STRICT_TRANS_TABLES kún sql_mode tó wà níbẹ̀, pa MySQL, tún un tàn. Láti ìgbà náà lọ, nọ́ńbà tí kò bá gbà, error ló máa bá jáde. Ó sàn kó kọ oníbàárà kan lójú rẹ ju kó gba 60 kó sì ba gbogbo wọn jẹ́ lẹ́yìn rẹ.

Àbẹ̀kẹ́ Dátà:

Ti orúkọ yìí ló dùn mí jù, torí orúkọ ẹni kì í ṣe ohun tí a ń fi àmì ìbéèrè dí.

Lọ sí Structure, wo Collation, ìlànà tí dátábéèsì fi ń to lẹ́tà tó sì fi ń fi wọ́n wéra. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú pé latin1_swedish_ci ni wàá bá níbẹ̀, torí ohun tí àwọn fídíò àtijọ́ ń lò nìyẹn. Swídìn ni MySQL ti ṣẹ̀ wá ní 1995, ibẹ̀ ni "swedish" ti wọ ọ̀rọ̀ yìí. latin1, àkójọ lẹ́tà tó ń lò, ní á, ó ní ù, ó ní í, torí àwọn èdè Yúróòpù ń lò wọ́n. Kò ní Ọ, kò ní ṣ. Tún wo ?lá?ùnkànmí fínnífínní: gbogbo fáwẹ́lì tó gbé àmì ohùn lásán wà níbẹ̀ digbí, Ọ àti ṣ nìkan ló lọ. Ti Adébáyọ̀ jẹ́ àmì ìbéèrè méjì nítorí pé ẹyọ méjì ni ọ̀ lójú kọ̀ǹpútà: ọ fúnra rẹ̀, àti àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀. Yí i sí utf8mb4, èyí tó ní gbogbo wọn:

`ALTER TABLE onibara CONVERT TO CHARACTER SET utf8mb4 COLLATE utf8mb4_unicode_ci;`

Nínú PHP, gbàrà tí o bá ti so ó mọ́ dátábéèsì, kọ `mysqli_set_charset($conn, 'utf8mb4');`. Méjèèjì ni kó o ṣe. Ẹni tó bá ṣe ALTER nìkan tó fi èkejì sílẹ̀ lè máa rí "áº¹" níbi tó ti yẹ kó rí ẹ. Ìyẹn ṣì ní àtúnṣe, torí dátà lè wà níbẹ̀ kó jẹ́ pé wọ́n kàn ń ṣì í kà ni. Tó bá jẹ́ "?" ló wà nínú tábìlì fúnra rẹ̀, lẹ́tà náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Tó o bá ń wá Bọ́lá, collation yìí máa gbé Bola náà wá, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo fóònù ló rọrùn láti fi tẹ àmì. Ṣùgbọ́n má fi UNIQUE (òfin pé nǹkan kan náà ò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì) sórí orúkọ o.

Mo tún fẹ́ bi ọ́: àwọn ará Kétu yẹn, náírà ni wọ́n ń dá àbí sẹ́fà?

Ẹ̀gbọ́n Ààbò:

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ti Mu'minat, torí ibẹ̀ ni olè máa gbà wọlé. Ó dá mi lójú pé ṣe lo lẹ orúkọ mọ́ àárín SQL, àṣẹ tí a ń kọ sí dátábéèsì, báyìí: `VALUES ('$oruko', '$foonu', ...)`. Nígbà tí dátábéèsì dé ibi àmì tó wà lẹ́yìn Mu, ó rò pé orúkọ ti parí síbẹ̀. Ó wá rí minat, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìyá yẹn ò ní nǹkan ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ibi tí o ti ń wá oníbàárà, ẹni tó bá tẹ `' OR '1'='1` síbẹ̀ máa rí gbogbo oníbàárà màmá, àti iye tí oníkálukú ń dá. Èmi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé irú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Báyìí ni kó o kọ ọ́:

```
$stmt = $conn->prepare("INSERT INTO onibara (oruko, foonu, iye) VALUES (?, ?, ?)");
$stmt->bind_param("ssi", $oruko, $foonu, $iye);
$stmt->execute();
```

Àmì ìbéèrè inú èyí kò bá ti orúkọ tan. Àyè ni wọ́n ń di mú. SQL á kọ́kọ́ lọ, orúkọ á wá tẹ̀ lé e lọ́tọ̀, kò sì sí ohun tó wà nínú orúkọ tí dátábéèsì máa kà sí àṣẹ. Wo "ssi" dáadáa: s ni ti fóònù, kì í ṣe i. Tó o bá fi i síbẹ̀, òdo tún ti lọ, VARCHAR rẹ ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́.

Jọ̀ọ́, má sọ fún ìyá náà pé kí wọ́n yọ àmì kúrò nínú orúkọ wọn.

Ọmọ Alájọ:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. latin1_swedish_ci náà ni mo bá níbẹ̀ lóòótọ́. Sẹ́fà ni àwọn ará Kétu ń dá, mi ò tiẹ̀ ro ìyẹn rárá.

Mo ti yí fóònù sí VARCHAR(20), mo ti ṣe ALTER náà, àmọ́ 2147483647 ṣì wà níbẹ̀, àwọn àmì ìbéèrè náà ò kúrò. Káàdì àjọ ò sì ní nọ́ńbà fóònù lára, ìdí tí mo fi ṣe nǹkan yìí gan-an nìyẹn. Ṣé ó ti lọ nìyẹn?

Bàbá Ìbejì:

Nínú tábìlì, ó ti lọ. Yíyí column padà ò lè dá ohun tí kò wọlé rí padà. Ṣe Export báyìí, kó o ní ẹ̀dà rẹ̀ nípamọ́, má sì fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.

Wo fọ́ọ̀mù rẹ fún mi. Kí lo kọ sí method? get àbí post?

Ọmọ Alájọ:

N kò kọ method kankan, sà. Tí mo bá ti tẹ bọ́tìnì, orúkọ àti nọ́ńbà máa ń hàn lókè níbi àdírẹ́sì.

Bàbá Ìbejì:

Ọlọ́run ṣeun! Fọ́ọ̀mù tí kò bá ní method, GET ló ń lò, ohun gbogbo tí GET bá sì gbé ni Apache, ètò tó ń gba ohun tí fọ́ọ̀mù bá fi ránṣẹ́, ń kọ sínú ìwé rẹ̀. Lọ sí C:\xampp\apache\logs, wá access.log. Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn kó o tó ṣí i. Wá orúkọ fáìlì rẹ nínú rẹ̀, wàá rí ìlà tó jọ èyí:

`GET /ajo/fipamo.php?oruko=%E1%BB%8Cl%C3%A1...&foonu=0803...`

%E1%BB%8C yẹn ni Ọ. Urldecode nínú PHP máa dá gbogbo rẹ̀ padà sí bí o ṣe tẹ̀ ẹ́. Tó o bá ti kó wọn tán, yí fọ́ọ̀mù náà sí post, kó o sì pa ìwé àtijọ́ yẹn rẹ́, torí nọ́ńbà àwọn oníbàárà ò yẹ kó máa wà níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Dátà:

Kó o tó tún wọn kọ wọlé, fi column kan kún un fún irú owó, NGN (náírà) tàbí XOF (sẹ́fà). Ẹgbẹ̀rún kan náírà kì í ṣe ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà, ìṣirò ìparí oṣù máa dàrú mọ́ màmá lójú.

Ọmọ Alájọ:

Mo rí 58! Ọláṣùnkànmí pé, Adébáyọ̀ pé, òdo iwájú ti àwọn ará Kétu náà wà níbẹ̀. Márùn-ún tó kù ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ tààrà sínú phpMyAdmin kí n tó ṣe fọ́ọ̀mù, ìyẹn ni wọn ò fi sí nínú access.log.

Mo fi "ssi" kọ Mu'minat wọlé, ó wọlé pẹ̀lú àmì rẹ̀. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ àwọn márùn-ún yẹn sórí ìwé fún àwọn, àwọn á bi wọ́n ní nọ́ńbà wọn lọ́jà láàárọ̀ ọ̀la.