Mo ti kọ́ JavaScript, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni mi ò rí (Ìkòròdú)

Ọmọ Ìjòmu: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Yunifásítì LASUSTECH ni mo ti jáde, Ìkòròdú níbí náà ni mò ń gbé, mo ti kọ́ HTML, CSS, JavaScript àti React díẹ̀ (àwọn ohun tí wọ́n fi ń ṣe ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì) lórí freeCodeCamp, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ gbogbo iṣẹ́ tí mo bá rí lórí LinkedIn, ìrírí ọdún méjì ni wọ́n ń bèèrè, kódà èyí tí wọ́n kọ junior (ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀) sí. Ṣé kí n lọ gba sátífíkéètì míì ni àbí kí n kó lọ sí Yaba tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ sí? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí níyànjú.

Alágbàṣe Kóòdù: Àbúrò, fi sátífíkéètì sílẹ̀ ná. Mo wà lára àwọn tó ń ka CV níbi iṣẹ́ wa, calculator àti to-do list ni gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́, tí mo bá ti rí i mo ti kọjá nìyẹn. Ṣe nǹkan tí èèyàn gidi á máa lò. Ṣó o mọ àwọn tó ń sin ẹja ní Odogunyan? Lọ bá ẹnì kan níbẹ̀, wo bó ṣe ń kọ orúkọ àwọn tó gbé ẹja láwìn sínú ìwé, kó o wá ṣe ìwé gbèsè fún un sórí fóònù: orúkọ, kílò, iye tó san, iye tó kù. Lo service worker (tó ń tọ́jú ojú-ewé náà sórí fóònù) àti IndexedDB (ibi tí àkọsílẹ̀ ń wà nínú fóònù) kó lè máa ṣiṣẹ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, torí á lọ. Kó kóòdù ẹ̀ sórí GitHub, ibi tí àwọn oníkóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, GitHub Pages á gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ README, ìwé àlàyé iṣẹ́ náà, dáadáa, sọ ohun tó ń dààmú ọlọ́jà yẹn àti bó o ṣe yanjú ẹ̀. Tí wọ́n bá pè ẹ́ fún intafíù, wàá rí nǹkan sọ.

Sísí Agric: Òótọ́ ni o. Ọdún méjì tí wọ́n kọ yẹn, má jẹ́ kó dẹ́rù bà ẹ́, fi CV ẹ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Má tíì kó lọ sí Yaba jàre, owó ilé ibẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí ò tíì ríṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n bá ní ìpàdé ní CcHub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba, kó o wọkọ̀ lọ kó o bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kó o sanwó kóun tó fún ẹ níṣẹ́, sá fún un!

Ọmọ Ìjòmu: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọkọ àǹtí mi ń sin ẹja, màá bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ Node, èyí tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ lórí sáfà?

Alágbàṣe Kóòdù: Rárá. Inú fóònù wọn ni kí gbogbo ẹ̀ kọ́kọ́ wà, ṣáà fi ibi tí wọ́n ti lè da àkọsílẹ̀ wọn kọ síta sí i kó má bàa sọnù tí fóònù bá bàjẹ́. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ lò ó lórí fóònù méjì, ìgbà yẹn ni wàá nílò sáfà, o sì lè fi Node ṣe é.