Ìdúnàádúrà òṣìṣẹ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà: níbo gan-an ni ìjà náà wà?

Àjàní_M:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí àwọn tó mọ òfin iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà là mí lóye. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni bá bá ọ̀gá wọn dúnàá-dúrà lórí owó, ẹnu kì í ya ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tó bá ti kan olùkọ́, panápaná àti akọ̀wé ìjọba, ariwo ni. Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ wọn ni, àwọn kan ní owó-orí aráàlú ni wọ́n ń pín mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ṣé òfin kan náà ló wà ní gbogbo ìpínlẹ̀? Bí òfin ò bá gbà kí wọ́n yanṣẹ́ lódì, kí ló ń mú kí ìjọba gbọ́ tiwọn? Kí sì ni Wisconsin ṣe lọ́dún 2011 tí wọ́n ṣì ń fi ṣe àpẹẹrẹ títí dòní?

Adélékè_Amòfin:

Kì í ṣe òfin kan náà rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1935 tó fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ ìdúnàádúrà kò ka ìjọba mọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ tó dè. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Wisconsin ló kọ́kọ́ ṣòfin fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, lọ́dún 1959. Ọdún yẹn kan náà ni North Carolina ṣòfin pé àdéhùn èyíkéyìí tí ìjọba bá bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Virginia náà kọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà tó di May 2021 tó gbà kí ìlú àti káúńtì tó bá wù fọwọ́ sí i fúnra wọn.

Ti ìjọba àpapọ̀ yàtọ̀. Àṣẹ Ààrẹ Kennedy lọ́dún 1962 ló ṣílẹ̀kùn, òfin ọdún 1978 ló wá fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, púpọ̀ jù lọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò lè fẹnu ba owó oṣù, torí òfin ló ń to ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí àwọn tó ní ẹ̀tọ́ náà nínú wọn ń jókòó lé lórí ni àkókò iṣẹ́, ìlànà ìgbéga, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹ̀sùn, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ló jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ láàárín àwọn tó pọ̀: látọdún 1970 ni wọ́n ti ń dúnàá-dúrà lórí owó. Ti ìyanṣẹ́lódì, èèwọ̀ ni. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń darí ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú láti ilẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní August 3, 1981, wákàtí 48 ni Ààrẹ Reagan fún wọn láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó lé ní 11,000 ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn. Níbi tí ìdúnàádúrà bá wà, apá mẹ́ta ni wọ́n sábà ń pín ọ̀rọ̀ sí: èyí tí wọn ò lè ṣàì jọ sọ, èyí tí wọ́n lè sọ tó bá wù wọ́n, àti èyí tí òfin ní kí wọ́n má dárúkọ. Owó àti wákàtí kì í fa wàhálà níbí, apá àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà ń bọ́ sí. Iye ọmọ nínú kíláàsì ńkọ́? Olùkọ́ á ní ipò iṣẹ́ òun ni, ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ á ní ètò ìṣàkóso àwọn ni. Kí wọ́n tó fẹnu kan dọ́là kan, ó lè jẹ́ oṣù mélòó kan ni wọ́n máa fi jà lórí apá tí ọ̀rọ̀ bọ́ sí.

Bísí_Ìlàjà:

Bàbá ti sọ ti òfin, ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, torí òun gan-an ni kókó. Ẹ má kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n lè jọ sọ. Ẹ bèèrè pé bí wọn ò bá gbà fún ara wọn, kí ló kàn?

Onílàjà ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Kò lágbára láti pàṣẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti yàrá kan sí èkejì, kó wá ibi tí ìhà méjèèjì ti lè dẹwọ́. Bí ìyẹn ò bá yanjú rẹ̀, ìpínlẹ̀ mìíràn á yan olùwádìí tó máa kọ àbá síta kí aráàlú rí i. Àbá lásán ni, ìtìjú nìkan ló fi ń múni. Ìpele tó le ni ti onídàájọ́ tí ìdájọ́ rẹ̀ de tọ̀tún-tòsì. Ọlọ́pàá àti panápaná ni wọ́n sábà ń fún nírú rẹ̀, ní ìrọ́pò ìyanṣẹ́lódì.

Àbùkù rẹ̀ nìyí. Bí onídàájọ́ bá lè pín in sí méjì, kò sẹ́ni tó máa sún. Ẹgbẹ́ tó lè gba 3% á bèèrè 6%, ìjọba tó lè san 2% á ní òdo lòun ní, torí gbogbo wọn mọ̀ pé àárín ni yóò bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ibì kan fi ní kí ìhà kọ̀ọ̀kan fi àbá ìkẹyìn rẹ̀ sílẹ̀, kí onídàájọ́ mú ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù pípàdánù gbogbo rẹ̀ á mú kálukú sún mọ́ ohun tó bójú mu. Bó bá jẹ́ odindi àbá ìhà kan ni onídàájọ́ gbọ́dọ̀ mú, ẹnì kan lè di ìlà burúkú kan mọ́ àárín ohun rere. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú, ìyẹn dín kù, ṣùgbọ́n onídàájọ́ tún lè máa pín in: owó fún tibí, wákàtí fún tọ̀hún.

Ẹ̀rí tó ń jà jù níwájú rẹ̀ ni ìlú tí wọ́n fi ń wéra. Ẹgbẹ́ á mú ìlú olówó wá, ìjọba á mú èyí tí owó-orí ilé rẹ̀ kéré. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gba àkójọ tirẹ̀ wọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre.

Ká má sì ṣe bí ẹni pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló fòfin de ìyanṣẹ́lódì. Olùkọ́ ní Ohio lè dáṣẹ́ sílẹ̀ tó bá ti kọ̀wé ọjọ́ 10 ṣáájú. Pennsylvania náà gbà á fún olùkọ́. Ní New York, èèwọ̀ ni: ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan pàdánù owó ọjọ́ yẹn, wọ́n á tún yọ ti ọjọ́ kan mọ́ ọn.

Káyọ̀dé_Ìsúná:

Àlàyé yín dáa, ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ ẹni tó ń sanwó kò sí nínú yàrá yẹn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aládàáni mọ̀ pé bí owó oṣù bá pọ̀ jù, ọjà òun á wọ́n, oníbàárà á sá lọ. Oníbàárà ìjọba ò ríbi sá sí. Òṣèlú tó jókòó sí ìhà ìjọba sì lè máa retí ìbò ẹgbẹ́ yẹn kan náà. Ààrẹ Franklin Roosevelt gan-an, tí kì í ṣe ọ̀tá òṣìṣẹ́, kọ̀wé lọ́dún 1937 pé irú ìdúnàádúrà yìí bí a ti mọ̀ ọ́n kò ṣeé gbé bọ́ sínú iṣẹ́ ìjọba.

Ẹ wo ìṣirò. Ìlú kan ń san mílíọ̀nù 10 dọ́là owó oṣù lọ́dún, ó gba láti fi 3% kún un. Ìròyìn á ní 300,000. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá wà lábẹ́ Social Security, ètò ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀, agbanisíṣẹ́ ń san 7.65% lórí rẹ̀, ó di 22,950 sí i. Ká ní ó ń dá 10% sí àpò ìfẹ̀yìntì, 30,000 mìíràn. Ó ti di 352,950. Bí ìdajì òṣìṣẹ́ bá ṣì ń gun àtẹ owó oṣù, èyí tí owó ẹni ń fi gòkè bí ọdún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, tí ìgbésẹ̀ ọdọọdún jẹ́ 2%, 1% mìíràn ti wọlé sórí àpapọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ 3% fún ọdún mẹ́ta, kì í ṣe 9%, 9.27% ni.

Ọgbọ́n àrékérekè tó burú jù ni kí wọ́n sún àfikún náà sí oṣù tó kẹ́yìn ọdún ìsúná. Ìsúná ọdún yìí á gbé 25,000, ti ọdún tó ń bọ̀ á gbé 300,000. Ẹni tó fọwọ́ sí i lè ti kúrò lórí àga nígbà yẹn.

Bísí_Ìlàjà:

Ìṣirò yín ò ní àléébù, Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, àmọ́ ẹ má di ẹrù ìfẹ̀yìntì ru ìdúnàádúrà. Ní New York, òfin ò gbà kí wọ́n dúnàá-dúrà lórí owó ìfẹ̀yìntì rárá, àwọn aṣòfin ló ń kọ ọ́. Níbi tí àpò ìfẹ̀yìntì bá ti ń jò, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìjọba ló ń fo ọdún tó yẹ kó dá owó sí i.

Adélékè_Amòfin:

Ó ku ti Wisconsin. Òfin tí wọ́n ń pè ní Act 10, tí Gómìnà Scott Walker fọwọ́ sí ní March 2011, kò fòfin de ìdúnàádúrà. Ńṣe ló fi òrùlé sílẹ̀ tó wó ògiri. Owó oṣù ìpìlẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n lè jọ sọ, àfikún rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìwọ̀n tí ọjà fi gbówó lórí lọ, àfi bí aráàlú bá dìbò gbà á. Àdéhùn kò lè ju ọdún kan lọ. Wọn ò gbọdọ̀ yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ wá ń san ìdajì owó tó ń wọ àpò ìfẹ̀yìntì. Wọ́n yọ ọlọ́pàá àti panápaná sílẹ̀.

Èyí tó pa ẹgbẹ́ jù, lójú tèmi, ni ìdìbò ọdọọdún lórí bóyá ẹgbẹ́ á ṣì máa ṣojú òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gba 51% gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà ní ìsọ̀rí tó ń ṣojú fún, kì í ṣe ti àwọn tó dìbò. Nínú èèyàn 200, bí 101 bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ní rárá, ẹgbẹ́ ti fìdí rẹmi. Ẹni tó sùn sílé ti dìbò rárá.

Ohio gbìyànjú ohun tó jọ ọ́ lọ́dún yẹn kan náà, ṣùgbọ́n ó kó ọlọ́pàá àti panápaná mọ́ ọn. Aráàlú dìbò fagi lé e ní November, nǹkan bí 61% sí 39%. Èmi ò rò pé èèṣì ni pé Wisconsin yọ wọ́n. Ìyọkúrò yẹn ló sì padà di egungun ọ̀fun: ní December 2024, adájọ́ kan ní Dane County fagi lé apá tó pọ̀ nínú òfin náà torí pé kò ṣe òṣìṣẹ́ ní dọ́gba. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ.

Àjàní_M:

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹni tí kì í san owó ẹgbẹ́ ńkọ́? Ṣé àdéhùn náà kàn án?

Adélékè_Amòfin:

Ó kàn án. Níbi tí òfin bá ti sọ ẹgbẹ́ kan di agbẹnusọ fún gbogbo ìsọ̀rí, ó gbọ́dọ̀ ṣojú ẹni tí kò sanwó bákan náà. Tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀ lè gbà kí wọ́n gba owó ìṣojú lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fòpin sí i nínú ẹjọ́ Janus ní June 2018, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin. Láti ìgbà náà, àfi kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà kí wọ́n tó lè yọ owó kankan.

Bísí_Ìlàjà:

Ohun kan sí i, Àjàní. Nígbàkúùgbà tó o bá ń ka àdéhùn, kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Ní New York, láti ọdún 1982, ti àtijọ́ á máa bá a lọ títí wọ́n á fi ṣe tuntun, títí kan ìgbésẹ̀ orí àtẹ owó oṣù. Bí ọ̀rọ̀ ajé ò bá dáa, ẹgbẹ́ lè jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó wo owó.