Ọmọbìnrin ọdún 13 sí 16 fẹ́ gun òkè: kí la máa ṣe tí wọn ò fi ní sá lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́?

Olùdarí_Ẹgbẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọbìnrin 8 la fẹ́ kó lọ rin kìlómítà 10 nínú igbó, a ó sì gun òkè tó tó mítà 300. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣeré ìdárayá. Báwo ni ká ṣe rìn ín, kí sì ni kí wọ́n gbé?

Ọ̀nàÒkè:
Ẹ kọ́kọ́ ṣírò àkókò. Ìṣírò Naismith, ará Scotland kan tó máa ń gun òkè, tó ti wà láti 1892, fún kìlómítà 5 ní wákàtí kan, ó sì fi ìdajì wákàtí kún un fún mítà 300 tí ẹ bá gùn. Wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn, fún àgbàlagbà tára rẹ̀ le, láìsinmi. Ẹ pè é ní mẹ́rin fún tiyín.

Ẹni tí kò yára ni kẹ́ ẹ fi síwájú. Tó bá wà lẹ́yìn, ìgbà tó bá dé ibi ìsinmi làwọn yòókù máa ń dìde. Àwọn tó sinmi tó tún ń sinmi, òun tó rẹ̀ kò rí ìsinmi kankan. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti ń sọ pé òun ò wá mọ́. Tí wọn ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹ, eré yẹn ti pọ̀ jù.

Ẹsẹ̀Gírí:
Ẹrù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo ọmọ lọ. Ọmọ tó wọn kílò 45, kílò 4 ààbọ̀ ni tirẹ̀, omi lítà 2 nìkan sì ti gba kílò 2 níbẹ̀. Orí egungun ìbàdí ni kí bẹ́líìtì báàgì jókòó lé, kì í ṣe orí ikùn.

Bàtà: kí àyè bí ìbú àtàǹpàkò wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù, kí wọ́n sì gé èékánná ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ òwú máa ń fa òógùn mọ́ra, awọ á rọ̀, á sì léròrò. Bí gìgísẹ̀ bá ti ń ta ọmọ, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn láìjẹ́ kó ká jọ. Ẹ má sọ pé ó di ibi ìsinmi.

Kọ́mú eré ìdárayá náà ṣe pàtàkì. Ìka méjì ló yẹ kó wọ abẹ́ okùn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìdárayá:
Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni wọn kì í sọ síta. Ọmọbìnrin tí kò fẹ́ tọ̀ nínú igbó kò ní mumi. Kó tó pẹ́, orí á máa fọ́ ọ, òòyì á máa kọ́ ọ. Ẹ sọ ètò yín fún wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé: aṣọ ìbora kan fún ìbòjú, ẹni méjì tí yóò ṣọ́nà, kí ibẹ̀ sì jìnnà sí odò tó ìṣísẹ̀ 70, ó kéré tán. Ti ìgbẹ́, kòtò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20.

Nǹkan oṣù kò ní kí ọmọ má rìn. Ìrìn tiẹ̀ lè dín inú rírun kù. Kí wọ́n pààrọ̀ páàdì ní wákàtí 4 sí 6. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀ o: ẹranko á hú u, ọ̀rá inú rẹ̀ kì í sì í jẹrà. Ọ̀rá dúdú tó ṣeé dì pa ni kí wọ́n fi gbé e padà. Ọmọ tí páàdì rẹ̀ ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, tó sì ń tètè rẹ̀, ẹ ní kí òbí rẹ̀ mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Olùdarí_Ẹgbẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìgbáradì ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ní.

Ọ̀nàÒkè:
Ìsọ̀kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó mọ́ wọn lára, nítorí òun ló ń jẹ́ kí itan máa ro wọ́n lọ́jọ́ kejì. Àtẹ̀gùn, ìṣẹ́jú 20, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kí wọ́n gbé báàgì láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ máa wo orúnkún wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálẹ̀: tó bá ń yà sínú dípò kó dojú kọ ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí, ẹ dín eré kù, ẹ yọ ẹrù náà kúrò, kí wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀.