Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹṣin, ta ni kí n gbé tèmi fún?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Mo fẹ́ gun ẹṣin tuntun kan lọ Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde lọ́dún tó ń bọ̀, kò tíì mọ ariwo rárá, ẹ sì mọ bí ìbọn ṣe máa ń dún níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Trénà méjì ló wà ńlẹ̀. Ọ̀kan, ọmọ Kánò ni, ìdí ẹṣin ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ ń múra ẹṣin fún Dọ́bà (Durbar, àjọ̀dún ẹṣin àwọn Haúsá), ìjánu irin tó le ló gbà gbọ́, ó ní ẹṣin gbọ́dọ̀ mọ ọ̀gá ẹ̀. Ẹnì kejì ń tẹ̀lé ọ̀nà Monty Roberts, olùkọ́ ẹṣin ará Kalifọ́níà l'Amẹ́ríkà, kò sí pàṣán, á lé ẹṣin yípo nínú ọgbà, tó bá ti rí i tó tẹrí ba tó ń jẹnu, á kọ̀yìn sí i, ẹṣin á wá bá a fúnra ẹ̀. Ó dùn ún wò lórí YouTube o, àmọ́ inú ọgbà tó pa rọ́rọ́ nìyẹn! Èmi ò fẹ́ ìjánu tó ń dá egbò sẹ́nu ẹṣin jàre. Ṣé ẹnikẹ́ni ti lo ọ̀nà kejì yìí fún ẹṣin òde? Àbí kí n ní káwọn méjèèjì jọ kọ́ ọ, ṣé ìyẹn ò ní da orí ẹṣin rú?